Bí Ẹbí àti Ọ̀rẹ́ Ṣe Lè Wo Fíìmù Lórí Server Ilé Yín, Tí Àjèjì Ò Ní Bá Wọn Wọlé

Server fíìmù inú ilé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín fíìmù fún àwọn ẹ̀rọ yòókù, kì í fa wàhálà títí di ọjọ́ tí ẹnìkan tí kò sí nílé bá ní òun náà fẹ́ wò. Nígbà tó jẹ́ pé orí Wi-Fi ilé nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ètò bíi Jellyfin, Plex tàbí Emby á to fíìmù, orin àti fídíò ẹbí sójú kan, tẹlifíṣọ̀n á sì gbé e jáde. Àfi kí ẹ̀gbọ́n yín pè láti ìlú mìíràn pé òun fẹ́ wo fídíò ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bá pàdé ni pé kí wọ́n wọ inú router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nílé, kí wọ́n ṣí port (ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ètò ń gbà sọ̀rọ̀) 8096 tó jẹ́ ti Jellyfin, tàbí 32400 tó jẹ́ ti Plex, sí ìta, kí wọ́n sì fi àdírẹ́sì ilé ránṣẹ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ nìyẹn, torí ẹni tó bá ti rí i pé ó ṣiṣẹ́ kì í sábà padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Àdírẹ́sì tí a ṣí sí ìta kì í ṣe àṣírí. Àwọn ẹ̀rọ wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kan àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò, tọ̀sán tòru. Shodan àti Censys, àwọn ìkànnì ìwádìí, ń kó èsì irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jọ, ẹnikẹ́ni sì lè wá orúkọ Jellyfin níbẹ̀ kó rí àwọn server tó wà ní gbangba. Àwọn oníṣẹ́ ibi náà ní irinṣẹ́ tiwọn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LastPass, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú password, ní ọdún 2022. Àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ wọn kan ń lò nílé, Plex àtijọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n sì gbà wọlé. Àtúnṣe sí àlébù náà ti jáde láti oṣù karùn-ún ọdún 2020, ṣùgbọ́n kò dé orí ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ yìí. Láti orí server fíìmù ni wọ́n ti rìn títí dé ibi tí ẹ̀dà ìpamọ́ àwọn oníbàárà wà.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín ni èyí tí server yín kò ti ní fojú hàn sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ fún láyè á sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, èyí tí ẹ lè gbà padà láì dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Jellyfin ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, orí ẹ̀rọ yín sì ni àkáǹtì àwọn èèyàn yín wà, kì í ṣe lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó ń lo Plex tàbí Emby á rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ bá tirẹ̀ náà mu.

1. Ẹ kọ́kọ́ ya fódà sọ́tọ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan router, ẹ wo bí ẹ ṣe to nǹkan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fíìmù wà ní fódà tirẹ̀, orin ní tirẹ̀, fídíò ẹbí ní tirẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di library (àkójọ) ọ̀tọ̀ nínú Jellyfin. Library ni Jellyfin fi ń pín àyè. Ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ lè rí fíìmù, síbẹ̀ kò yẹ kó rí fídíò ọmọ yín níbi tó ti ń wẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá dà pọ̀ sójú kan, kò sí bí ẹ ṣe máa fún un ní ọ̀kan kí ẹ mú èkejì pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Fídíò tí ẹ fúnra yín yà, ẹ lè fi han ẹni tó bá wù yín. Ní ti fíìmù tí ẹ rà, òfin tó sọ bóyá ẹ lè dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ fi han ẹni tí kì í gbé ilé yín, yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ wádìí ti ibi tí ẹ ń gbé kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní àyè sí i. Ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

2. Ẹ tún server fúnra rẹ̀ ṣe

Ẹ gbé Jellyfin àti ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ sórí èyí tó jáde kẹ́yìn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi server sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín tàbí èyí tí ìwé báǹkì yín wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ti pẹ́ díẹ̀, tí kò ní nǹkan mìíràn lórí ju fíìmù lọ, dára ju kọ̀ǹpútà alágbára tí gbogbo ayé yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí Jellyfin ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi root, aṣàmúlò tó lè ṣe ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ sì jẹ́ kó lè ka fódà fíìmù nìkan, kó má lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ tàbí pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Nínú Docker, ètò tó ń gbé ètò mìíràn ṣiṣẹ́ nínú àpótí tirẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ ò ju báyìí lọ:

```
user: "1000:1000"
ports:
  - "8096:8096"
volumes:
  - /srv/fiimu:/media:ro
  - ./config:/config
  - ./cache:/cache
```

Lẹ́tà méjì `ro` yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá tiẹ̀ rí ọ̀nà wọ inú Jellyfin, kò ní lè pa fídíò ìgbéyàwó àwọn òbí yín rẹ́ láti ibẹ̀. Ohun kan tí kò ní jẹ́ kó rọrùn ni pé Jellyfin kò ní lè fi àwòrán tàbí àkọlé sínú fódà fíìmù mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa tọ́jú wọn sí fódà config tirẹ̀.

Ẹni tó ń lo Docker pẹ̀lú ufw, ètò tó ń dí port, lórí Linux gbọ́dọ̀ mọ̀ pé port tí Docker bá ṣí máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ufw kọjá. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ufw pé kó dí 8096, kí Docker sì ti ṣí i sílẹ̀ láì bi ufw.

Ní ti router, ẹ pa UPnP. Òun ló ń fún ẹ̀rọ inú ilé láyè láti ṣí port sí ìta fúnra wọn láì sọ fún yín. Ẹ wo àkójọ port tí router ti ṣí, kí ẹ sì yọ èyíkéyìí tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀. Port 22, 445 àti 3389, tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè tàbí pín fáìlì, kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ láéláé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́.

3. Àkáǹtì kan fún ẹnìkan

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí gbogbo ẹbí máa lo orúkọ kan àti password kan. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fi password náà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ò sì ní lè yí i padà láì yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Ẹ dá àkáǹtì sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àkáǹtì alákòóso tiyín kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi ń wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ dá òmíràn tí kò lágbára sílẹ̀ fún ara yín, kí ẹ sì máa wọ ti alákòóso nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún nǹkan ṣe nìkan.

Nínú Dashboard, ojú ewé alákòóso Jellyfin, ní abẹ́ Users, ẹ ṣí ẹni kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ yọ àmì kúrò níbi tó ti sọ pé kó rí gbogbo library, kí ẹ yan èyí tó tọ́ sí i. Ẹ má fún un láṣẹ láti pa fáìlì rẹ́, ẹ má sì fún un láṣẹ láti darí ohun tí ẹlòmíì ń wò. Ẹ kọ iye ìgbà tó lè ṣi password tẹ̀ kí àkáǹtì náà tó tì pa, àti iye ibi tó lè ti wò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń fi méjì sí èyí tó kẹ́yìn yìí: tẹlifíṣọ̀n kan, fóònù kan. Tí ẹ bá rí i pé ẹnìkan ń fẹ́ kọjá ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti fún ẹlòmíì. Ẹ sì fi orúkọ wọn pamọ́ kúrò lójú ibi ìwọlé, kí ẹni tó bá ṣèèṣì débẹ̀ má rí àkójọ orúkọ ẹbí yín.

Jellyfin gbà kí èèyàn dá àkáǹtì sílẹ̀ láìsí password. Ẹ má ṣe é, kódà fún ọmọdé. Kò sì ní ìdánilójú onípele méjì (kóòdù kejì lẹ́yìn password) nínú ara rẹ̀, nítorí náà password nìkan ló dúró síbẹ̀. Ẹ lo ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan, tí ètò ìtọ́jú password bíi Bitwarden tàbí KeePassXC bá yín ṣà. Àwọn àgbàlagbà á ní ó gùn jù láti tẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù, òótọ́ sì ni. Quick Connect wà fún ìyẹn: tẹlifíṣọ̀n á gbé nọ́ńbà mẹ́fà jáde, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú Jellyfin tí wọ́n ti wọ̀ lórí fóònù, tẹlifíṣọ̀n á sì wọlé fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń lo Plex ní ìdánilójú onípele méjì, kó tàn án. Ilé iṣẹ́ náà ló ń tọ́jú àkáǹtì, wọ́n sì kéde fún àwọn oníbàárà ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, pé àwọn olè ti rí dátà wọn mú.

4. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

WireGuard ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ètò VPN tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ. Ó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2020, nínú kernel (ọkàn Linux) 5.6. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan tí kì í kúrò lórí ẹ̀rọ náà àti ọ̀kan tí a lè fún ẹlòmíì. Ohun tó ń kọjá láàárín wọn, ẹni tó bá dá a dúró lọ́nà ò lè kà á. Ohun tó tún wù mí nínú rẹ̀ ni pé kì í dá àjèjì lóhùn. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó bá kan port rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

Tailscale, iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ kan ń pèsè, ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti lò ó. Orí WireGuard ni wọ́n kọ́ ọ lé, ẹ ò sì ní ṣí port kankan lórí router. Lórí server Linux:

```
curl -fsSL https://tailscale.com/install.sh | sh
sudo tailscale up
tailscale ip -4
```

Àṣẹ kejì á fún yín ní link tí ẹ máa fi wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google, Microsoft, Apple tàbí GitHub. Ẹ tan ìdánilójú onípele méjì lórí àkáǹtì tí ẹ bá lò, torí pé òun ló ti di kọ́kọ́rọ́ ilé yín báyìí. Àṣẹ kẹta á sọ àdírẹ́sì tuntun tí server gbà, èyí tó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100. Kọ́kọ́rọ́ Tailscale máa ń lò tán lẹ́yìn ọgọ́sàn-án ọjọ́. Lójú ewé alákòóso, ẹ pa ìlòtán yìí fún server nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já lójijì nígbà tí ẹ ò sí nílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Machines, ẹ yan server, ẹ tẹ Share. Link tó bá jáde ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹni kan ṣoṣo. Yóò ṣí àkáǹtì Tailscale tirẹ̀, yóò sì gba link náà. Server yẹn nìkan ló máa rí, kò ní rí fóònù yín tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín. Server yín náà kò sì ní lè dá ọ̀nà sílẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀. Ààbò fún tọ̀tún tòsì ni.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Òfin tí Tailscale fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fún láyè kan gbogbo port tó wà lórí server náà, títí kan SSH, èyí tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè. Ẹ ṣí Access controls, kí ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì tiyín:

```
"grants": [
  {"src": ["autogroup:member"], "dst": ["*"], "ip": ["*"]},
  {"src": ["autogroup:shared"], "dst": ["100.101.102.103"], "ip": ["tcp:8096"]}
]
```

Ìlà kejì ló sọ pé àlejò kò gbọdọ̀ kọjá port 8096. Àdírẹ́sì tí wọ́n máa tẹ̀ sínú áàpù Jellyfin ni `http://100.101.102.103:8096`. Ẹ má jáyà pé kò sí `https` níwájú rẹ̀, inú WireGuard ló ń gbà.

Ẹni tí kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kankan wà láàárín lè fi WireGuard fúnra rẹ̀ ṣe é. Port UDP kan, 51820, ni yóò ṣí. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni o, kì í ṣe fún ilé kọ̀ọ̀kan. Nínú fáìlì tí ẹ máa fún wọn, ẹ kọ `AllowedIPs = 10.8.0.1/32`, tó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì server nìyẹn, kí fíìmù nìkan lè gba ọ̀dọ̀ yín. Tí ẹ bá kọ `0.0.0.0/0`, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa gba inú ilé yín kọjá, orúkọ yín ló sì máa wà lórí rẹ̀. Ẹ fi `PersistentKeepalive = 25` kún un kí ọ̀nà má bàa máa pa. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí, ẹ wo àdírẹ́sì ìta tí router gbà. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ti kó yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà lábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ṣíṣí port ò ní wúlò níbẹ̀, Tailscale ni kí ẹ padà sí.

5. Tẹlifíṣọ̀n tí kò gba Tailscale

Android TV, Google TV àti Apple TV ní áàpù Tailscale. Tẹlifíṣọ̀n Samsung àti LG kò ní. Ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń lo Google TV sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, kí ọ̀rọ̀ parí.

Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ lè fi orúkọ domain (bíi example.com) àti Caddy, ètò tó ń gba ìbéèrè láti ìta tó sì ń gbé e fún Jellyfin, ṣe é. Nínú Caddyfile:

```
fiimu.example.com {
    reverse_proxy 127.0.0.1:8096
}
```

Caddy á bá yín gba ìwé ẹ̀rí `https` fúnra rẹ̀, á sì máa sọ ọ́ dọ̀tun. Port 80 àti 443 nìkan ni ẹ máa ṣí, ẹ má ṣí 8096. Ẹ kọ àdírẹ́sì Caddy sí Known proxies nínú Jellyfin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lójú Jellyfin, ọ̀dọ̀ Caddy ni gbogbo èèyàn á ti máa wá. Fail2ban, ètò tó ń dí ẹni tó bá ṣi password tẹ̀ léraléra, kò ní lè mọ ẹni tó yẹ kó tì síta nígbà náà. Ẹ má sì rò pé domain tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni máa wà ní ìkọ̀kọ̀. Ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sínú àkọsílẹ̀ gbangba, àwọn tó ń wá server sì ń kà á. Ọ̀nà yìí ń gbé yín padà sójú gbangba. Ẹni tó bá yàn án kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àtúnṣe tuntun pẹ́ nílẹ̀.

6. Agbára íntánẹ́ẹ̀tì yín

Nígbà tí ẹlòmíì bá ń wò láti ìta, ohun tí server ń lò ni agbára tí ilé yín fi ń rán nǹkan jáde, èyí tó sábà máa ń kéré ju èyí tí ẹ fi ń gba nǹkan wọlé. Ẹ wọ̀n ọ́n. Fíìmù 1080p kan ní 8 Mbps, tí èèyàn mẹ́ta bá ń wò papọ̀, 24 Mbps nìyẹn. 4K tí a dà kọ tààrà láti orí díìsìkì lè gba 60 Mbps tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnì kan. Jellyfin ní ibi tí ẹ lè fi òpin sí i, ní abẹ́ Playback, nínú Streaming. Yóò máa tún fíìmù dì kó lè kéré, iṣẹ́ yìí sì wúwo. Kọ̀ǹpútà Intel tó ní Quick Sync, ẹ̀yà tó wà fún títún fídíò dì, máa ń ṣe é láì ṣe wàhálà.

Tó bá ń dúró lórí Tailscale láì nídìí, ẹ tẹ `tailscale ping` pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ wọn. Tí ẹ bá rí DERP nínú èsì rẹ̀, ọ̀nà tààrà kò tíì là, server agbedeméjì ti Tailscale ló ń gbà.

7. Ẹ fi lé wọn lọ́wọ́

Ẹ má fi password sínú WhatsApp gbogbo ẹbí. Ẹ fi link ránṣẹ́ sí ẹni náà nìkan, kí ẹ sì pè é láti sọ password fún un. Ohun tí mo máa ń kọ kò gùn:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé áàpù Tailscale àti Jellyfin sórí fóònù yín. Ẹ tẹ link ìsàlẹ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí. Tó bá béèrè àdírẹ́sì server, ẹ kọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo máa pè yín lálẹ́ láti sọ password. Tí fóònù yín bá sọnù, ẹ tètè sọ fún mi, ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ti ibẹ̀ pa."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ pé nǹkan sọnù, pàápàá bí wọ́n bá rò pé a máa bínú.

8. Ẹ dán an wò láti ìta

Ẹ pa Wi-Fi lórí fóònù, kí ẹ lo dátà. Pẹ̀lú Tailscale, ó yẹ kó ṣí. Ẹ pa Tailscale, kò gbọdọ̀ ṣí mọ́. Lẹ́yìn náà, láti kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ fi àdírẹ́sì ìta ilé yín parí àṣẹ nmap yìí, ètò tó ń wo port tó bá ṣí:

```
nmap -Pn -p 22,445,3389,8096,32400
```

Kò gbọdọ̀ sí `open` níwájú ọ̀kankan. Ẹ ṣe é fún IPv6, irú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó tuntun jù, náà, pẹ̀lú `-6` àti àdírẹ́sì IPv6 ti server, torí pé lórí IPv6, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní àdírẹ́sì gbangba tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé router kò dí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wo Activity nínú Dashboard lóòrèkóòrè, kí ẹ sì ní ẹ̀dà fódà config níbòmíràn. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ fóònù nù, tàbí tí àyè rẹ̀ bá parí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú Share lórí Tailscale, ẹ dí àkáǹtì rẹ̀ nínú Users, kí ẹ sì lọ sí Devices láti pa gbogbo ẹ̀rọ tó fi wọlé rẹ́. Ẹ má gbàgbé Devices, kí fóònù tó sọnù náà má bàa tún wọlé ní ọjọ́ tí ẹ bá dá àkáǹtì náà padà fún ẹni tó ni ín.